Àmù Ìyá Mi Tó Di ti Bàbá Ọdẹ

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo ti fọwọ́ wọ́nú títí, inú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹni tí wọ́n bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú títì lè pariwo olè, kí àwọn èèyàn sì bá a lé e. Tèmi, inú ilé bàbá tó bí mi ni wọ́n ti gba nǹkan ìyá mi. Wọ́n fi okùn yí i ká, wọ́n wá ní kí n máa kó àwọn ọmọ mi bọ̀ wá wò ó kí wọ́n lè kọ́gbọ́n. Ọgbọ́n kẹ̀!

Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti ìyá tó bí mi. Tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, kí ni ọmọ fẹ́ máa wò ní àdúgbò wa? Tẹlifíṣọ̀n ni, fóònù ni, bí kò bá sí iná, kí wọ́n máa gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Èmi ò sì fẹ́ kí ọmọ jókòó sílé bí àpò gàrí. Mo ti kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí fún wíwò, ní Èkó lọ́hùn-ún, lódìkejì afárá, rí. Ká tó débẹ̀, èyí àbúrò ti sùn lé mi léjìká, èyí ẹ̀gbọ́n ti bì sára aṣọ. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé ẹbí bàbá mi ní Ìgándò ti sọ iwájú ilé ńlá di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún àwọn ọmọdé, inú mi dùn gan-an. Kẹ̀kẹ́ kan péré ni, a ti débẹ̀.

Ilé ńlá yẹn ni wọ́n bí mi sí. Onílẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀, ó ti pẹ́. Ìyá mi ni kì í ṣe ará ibẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti fẹ́ ẹ wá, ọmọge rekete ni nígbà yẹn. Ilé yẹn ló ti bí gbogbo wa, ibẹ̀ ló ti di opó, ìgbà tí orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu ni mo mú un wá sọ́dọ̀ ara mi. Nígbà tí mo sọ fún un pé a fẹ́ lọ wo ilé náà, kí n tó po tíì àwọn ọmọ tán, ó ti wẹ̀, ó ti kun àtíkè, ó ti da ìborùn borí, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé kí ló ń dá mi dúró.

Òótọ́ ni mo máa sọ, wọ́n gbìyànjú. Wọ́n kun ogiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kí òbí máa mú ọmọ wá. Igun kan wà tí ọmọdé ti lè fi odó kékeré gún nǹkan, kí wọ́n ta ayò, kí wọ́n fi ẹfun yàwòrán. Ilé ìyàgbẹ́ pàápàá mọ́ tónítóní. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, rí kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi, ó ní òun fẹ́ gùn ún. Wọ́n ní rárá, wọ́n gbé e sórí èyí tí wọ́n fi igi kàn fún àwọn ọmọ bíi tirẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìyá mi ń nàka sí tibí, ó ń nàka sí tọ̀hún: "Rédíò bàbá bàbá yín nìyẹn. Tó bá ti ń gbọ́ ọ báyìí, iyán ì báà tutù, kò ní mọ̀." Mo ní, "Màámi, bàbá tèmi ni, kì í ṣe bàbá bàbá wọn." Ó ní kí n dákẹ́ jàre, òun mọ ẹni tí òun fẹ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ló ń mú wa káàkiri. Kì í ṣe ọmọ ẹbí, iṣẹ́ ni wọ́n gbà á sí, ó mọ ọmọdé í bá sọ̀rọ̀. Mi ò bá a jà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ.

A bọ́ sí yàrá kejì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú tíṣà wọn, wọ́n jókòó sórí ẹní. Láàárín yàrá, lórí pèpéle tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, okùn pupa yí i ká, ibẹ̀ ni àmù ìyá mi jókòó sí, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí.

Bóyá àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àmù. Ìkòkò omi ńlá ni, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á rì í dé ìdajì sínú yanrìn tútù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè máa tutù. Kò sí fìríìjì nílé wa nígbà yẹn. Inú àmù yẹn ni gbogbo ilé ti ń bu omi mu. Àlejò ń mu níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ sóko á yà, á mu, á ṣàdúrà, á máa lọ. Ìyá mi ló ń pọn omi sínú rẹ̀ láti odò, lórí, nínú oyún, nínú ọyẹ́. Òun ló ń fi kànìnkàn fọ inú rẹ̀. Òun ló sì ni ín! Ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni. Àǹtí rẹ̀ kan tó jẹ́ amọ̀kòkò ló mọ ọ́n fún un. Wọ́n fi koríko wé e, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ìyá tó bí ìyá mi sì jókòó tì í láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Ìgándò, ó gbá a mọ́ra kó má baà fọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ bá a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: ohun tí ìyàwó bá gbé wọlé ọkọ, tirẹ̀ ni. Tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa jogún rẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé gan-an ò tó bẹ́ẹ̀ láti tà á.

Ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri wá gbóhùn sókè kí àwọn ọmọ ilé-ìwé náà lè gbọ́. Ó ní, "Àmù yìí ni bàbá ńlá ẹbí yìí, tó jẹ́ ọdẹ, rù wá láti Ilé-Ifẹ̀. Ibi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó sí."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń dápàárá ni. Ọdẹ wo ló ń ru àmù wọ igbó, ẹ jọ̀ọ́? Ìbọn léjìká, àdá lọ́wọ́, àmù lórí gẹ̀ǹgẹ̀, ṣé ó fẹ́ fi bu omi fún ẹtu mu kó tó yìn ín níbọn ni? Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ọmọbìnrin náà ò sì dúró. Àmì ìka mẹ́ta wà lábẹ́ ọrùn àmù náà, ibi tí àǹtí ìyá mi ti fi ìka tẹ amọ̀ nígbà tó ṣì tutù, torí bí amọ̀kòkò kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣàmì sí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹtu mẹ́ta àkọ́kọ́ tí bàbá ọdẹ pa ni. Ètè rẹ̀ lápá kan ti là, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ogun ló kọlù ú, ọta ló bà á.

"Ọta ogun kẹ̀!" ni ìyá mi wí. Ó na ọwọ́ kọjá okùn, ó sì fi ìka mẹ́ta tirẹ̀ bọ ojú ìka àǹtí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, Màmá, a kì í fọwọ́ kàn án."

Ìyá mi sáré fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin tó fi orí rẹ̀ pọn omi sínú ìkòkò náà títí irun àárín orí rẹ̀ fi re! Kí n tó sọ̀rọ̀, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti sọ ọ́. Ó ní, "Ti ìyá àgbà mi ni! Àwọn ni wọ́n gbé e wá nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyàwó!"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní, "Háà, ọ̀rẹ́ mi, àmù yìí ju ìyá àgbà lọ dáadáa o. Àbí ìyá àgbà ti tó igba ọdún ni?"

Gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ìyá Igba Ọdún!" Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń fi kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Tíṣà wọn tó yẹ kó bá wọn wí, òun náà ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi wo tibí, ó wo tọ̀hún, ó fi orí pamọ́ sínú ìró ìyá mi, ó sì bú sẹ́kún. Ọmọ tó sọ òótọ́ o! Orí mi gbóná. Mo bi ọmọbìnrin náà pé ta ló kọ ìkọkúkọ yìí sára pátákó. Ẹ̀rù ti bà á, ó ní Bàbá ló kọ ọ́ fúnra wọn, àti pé wọ́n wà ní pálọ̀ ẹ̀yìn.

Bàbá tó ń wí yìí, àbúrò bàbá mi ni, òun ni olórí ẹbí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ sí ìyá mi fún yín. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ìyá mi wọlé ọkọ. Ìyá mi ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé kéwú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ló jẹ́ sí i, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ò pè é lórúkọ rí láyé rẹ̀. "Ọkọ mi" ló ń pè é, bó bá sì rí i, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Ètè àmù tó là yẹn náà, òun ló là á. Rọ́bà ló fi ń ta aláǹgbá, òkúta rẹ̀ ba àmù. Ìyá mi purọ́ fún bàbá bàbá mi pé ewúrẹ́ ló ṣe é, kí wọ́n má baà na ọmọ náà, ó wá wá sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Ogun tó kọlu àmù nìyẹn. Ogun náà ló jókòó níwájú mi ní pálọ̀ yìí, ó ń mu tíì.

Ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó. "Ọkọ mi, ẹ kú ilé o." Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀, ẹ dìde, ẹ dìde." Ó ní kí wọ́n gbé mínírà wá fún àwọn ọmọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣe ilé yìí dáadáa, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n àmù yẹn, ẹ mọ ẹni tó ni ín."

"Ta ló ní mi ò mọ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ ti gbàgbé igbájú tí mo jẹ nítorí pé mo ti ọwọ́ bọ omi inú rẹ̀?"

Kò tilẹ̀ sẹ́! Èyí ló dùn mí jù. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ní ẹbí kan tó wà lókè odò ń sọ pé àwọn ló kọ́kọ́ dé ìlú yìí, pé àwọn ló yẹ kí oyè kàn. Ó ní àwọn ará ìjọba ti wá wo àmù náà, wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀ lọ bí ẹ̀rí pé ẹbí wa ló ṣáájú. "Tí mo bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé o mọ ẹ̀rín tí wọ́n máa fi wá rín?"

Mo ní, "Wọ́n ti fi ọmọ mi rín in tán, Bàbá. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ gbé àmù fún wa. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó ilé yìí ló gbé e wá. Ìlà kan ni. Kí àwọn ọmọ mi lè kà á."

"Ìyàwó tó ti pẹ́ nílé ti di ara ilé," ni ó wí. "Àmù rẹ̀ náà ti di ara ilé."

"Ẹrù ìyàwó ni, Bàbá."

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ṣebí àwọn àgbà ló wí i. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù."

Ẹ gbà mí o! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Ta ni ẹrú? Bàbá, mo ní ta ni ẹrú? Ẹrú tó wẹ̀ yín! Ẹrú tó purọ́ mọ́ ewúrẹ́ kí wọ́n má baà na ìdí yín!" Mo sọ èyí, mo sọ òmíràn, mi ò rántí gbogbo rẹ̀ mọ́, mi ò sì kábàámọ̀ èyí tí mo rántí. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Ibẹ̀ ni ìyá mi ti pariwo mọ́ mi: "Ó tó!" Ó tún ti kúnlẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí mi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nulẹ̀: "Ọkọ mi, ẹ má bínú, ọmọdé ló ń dà á láàmú." Ọmọdé! Èmi tí ewú ti ń hù lórí mi. Ọmọ mi obìnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò mínírà lọ́wọ́, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ padà sílé, mo bi ìyá mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ báyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni mo fẹ́ kí ẹ sin mí sí. Inú ọgbà wọn ló wà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú mi nítorí àmù ni?" Inú ń bí mi sí àbúrò bàbá mi, inú ń bí mi sí ìyá mi, inú ń bí mi sí ẹni tó kọ́kọ́ gbèrò pé wíwo ohun àtijọ́ dára fún ọmọdé.

Nígbà tí ilé-ìwé tún wọlé, wọ́n ní kíláàsì ọmọ mi obìnrin fẹ́ jáde lọ wo nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú gbogbo Èkó, kò síbi tí wọ́n rí mú àfi ibẹ̀! Mo ní ọmọ mi ò ní lọ. Ìyá mi ní á lọ, àti pé òun náà máa tẹ̀ lé e, torí wọ́n ní òbí tó bá fẹ́ lè wá. Láti ìgbà yẹn, òun àti ọmọ náà á wọ yàrá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Inú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn díẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó dáa, ìyá mi ti gbọ́n, ó fẹ́ fi ẹnu ọmọ gba nǹkan rẹ̀ padà. Mo gbààyè níbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé wọn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kí ọmọ mi ṣáà sọ ọ́, kí ẹnì kan wá rẹ́rìn-ín, kó wá rí mi.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí náà ló tún wà níbẹ̀. Ó sọ ìtàn rẹ̀ tán, ó gbé páálí bisikíìtì sókè, ó ní, "Ó yá, ta ló lè sọ ẹni tó gbé àmù yìí wá?" Ọwọ́ ọmọ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ó dìde. Àbúrò bàbá mi náà ti yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ sẹ́yìn.

Ọmọ mi ní, "Bàbá ńlá ẹbí yìí tó jẹ́ ọdẹ ni. Láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti rù ú wá. Ẹsẹ̀ ẹtu mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ogun ló sì là á lẹ́nu."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àbúrò bàbá mi pàtẹ́wọ́, ó sì mi orí sí ìyá mi bí ẹni ń dúpẹ́. Ìyá mi náà ń pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ rẹ̀ ló ròkè jù nínú yàrá yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ó dáa o. Tó bá lé e bá tán, ta ló máa kù tó máa dá òtítọ́ náà mọ̀? Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wúwo, mi ò lè gbé wọn.

Mo mú sùúrù títí a fi délé. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo bi ọmọ mi pé ta ló ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ìyá àgbà ni. Wọ́n ní tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín mọ́."

Mo yíjú sí ìyá mi. Mo ní, "Màámi! Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní irọ́ yìí? Ẹ̀yin fúnra yín?"

Ó ń bọ́ ìborùn rẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní, "Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà á. Wọ́n fi ọmọ rẹ́rìn-ín, mi ò lè gbà á. Nílé níbí, òun mọ̀. Ó tó mi."

"Ó mọ̀?" ni mo wí. Ohùn mi ti lọ sókè jù, mo mọ̀, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi í." Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọ mi, mo di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. "Kò sí ẹnì kankan níbí. Àwa nìkan ni. Ta ló ni àmù yẹn?"

Ọmọ náà yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń wo ojú ìyá àgbà rẹ̀, kó lè mọ èyí tó yẹ kí òun sọ.